Èsì: "Onílù" kọ́, "onílùú" gan-an kọ́. Ọ̀wẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Bọ̀dá wa tó ń kọ̀wé láti Ìlọrin mú ọ̀rọ̀ kan wá lánàá fún iṣẹ́ tí àwa tí a kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fínnúfíndọ̀ ṣe nítorí àyíká: ká ka ẹyẹ, ká wọn omi odò, ká ya àwòrán ewé ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀. Citizen science ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ yìí; Bọ̀dá pè é ní "ìmọ̀ onílù". Inú mi kò dùn sí i rárá. Onílù, ọmọ Àyàn nìyẹn. Oní pẹ̀lú ìlú, onílùú ni. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí ì kì í sọnù, orí u ló ń sún lọ. Onígbá ń ta igbá, onígbàá ń ta ìgbá. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, tí a bá rán an lọ́jà, igbá ni yóò gbé wálé nígbà tí a ń retí ìgbá.

Ká tilẹ̀ tún ohùn náà ṣe, mi ò ní gbà á. Onílùú ń ya àlejò sọ́tọ̀. Mo ti bá àwọn tó ń ka ẹyẹ jáde ní Ìbàdàn, nínú iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project, èyí tó ń kọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sílẹ̀, tí APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ ní Jos, ń darí láti ọdún 2015. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9 níbùú lóòró. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan yóò fi wákàtí 2 ó kéré tán wá ẹyẹ, yóò máa tẹ orúkọ wọn sínú fóònù bó ṣe ń rí wọn tàbí bó ṣe ń gbọ́ wọn, èyí tó kọ́kọ́ bá pàdé ni yóò ṣíwájú. Ọmọ Tógò kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́níyà wà láàárín wa lọ́jọ́ náà. Òun ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè pé ká dákẹ́. Ẹlúlùú ni, nínú igbó kékeré kan lẹ́bàá ojú irin, ohùn rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi tó ń tú jáde láti inú ìgò. Kò sẹ́nì kan tó bi í pé ọmọ ìlú ibo ni.

Ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ yìí mu ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa: ọ̀wẹ̀. Bàbá mi sọ fún mi bí àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ṣe lọ ṣọ̀wẹ̀ fún àna wọn, ọkọ́ léjìká, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń gún iyán, òun náà ló ń wá ẹmu. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Onímọ̀ tó bá bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ jẹ wá ní iyán: kó padà wá sọ ohun tó rí nínú iṣẹ́ wa fún wa, lédè tá a gbọ́. Mo ti bá àwọn kan bu omi odò sínú ìgò fún oṣù mẹ́ta rí. Títí di òní, a ò gbúròó wọn mọ́.

Nítorí náà, ọ̀wẹ̀ ìmọ̀. Ẹni tó bẹ̀ wá ni ọlọ́wẹ̀. Àwa tá a lọ, aṣọ̀wẹ̀ ni wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi olù- sí i. "Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni" gùn, ó sì ń dún bí oyè ṣọ́ọ̀ṣì. A- ló wà lára apẹja àti agbẹ́gilére.

Mo kí Ìyá wa tó kọ̀wé láti Kétu, tí wọ́n ní àáró ló yẹ. Ẹ má bínú, Mà, àáró là ń san padà: o ṣe tèmi lónìí, mo ṣe tìrẹ lọ́la. Bó bá ní ìtumọ̀ mìíràn ní Kétu, ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àgbà síbí ká rí i.

Ẹ wo ìdí tí ọ̀wẹ̀ yìí fi yẹ. Àwọn tó ní "bí a ò rígún, a ò gbọdọ̀ ṣebọ" mọ ìrìn igún dáadáa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igún máa ń kún orí òrùlé níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Bódìjà. Lónìí igún tiwa yìí ti wà lára àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ ìparun jù lọ láyé. Mélòó ni wọ́n nígbà náà? Èmi ò kà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tá a jọ ń ṣeré níbẹ̀ kò kà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹyẹ kan wà nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹbí ẹ̀gà ni, orí àti àyà rẹ̀ pupa, ara yòókù dúdú. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé láyé. Ọdún 1958 ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis. Mi ò gbà pé àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lágbègbè náà kò ní orúkọ fún un ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ní àgbà nílé, kó bi wọ́n, kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kí àmì ohùn sì pé lórí rẹ̀.