Jọ́nà dá pépà wa padà nítorí réfáràǹsì, ṣé ọwọ́ náà ni kí n fi tún gbogbo ẹ̀ tò?

Akọ̀wé Láàbù:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti ọ̀gá mi pẹ̀lú àwọn méjì kan la jọ kọ pépà kan, APA (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kọ réfáràǹsì, orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún ni wọ́n ń fi sínú pépà) la fi kọ ọ́ torí jọ́nà tá a kọ́kọ́ ní lọ́kàn APA ni wọ́n ń gbà, ìgbà tó yá ni ọ̀gá ní ká gbé e lọ síbòmíì. Ẹnikẹ́ni ò tíì kà á tí ọ́fíìsì wọn fi dá a padà, wọ́n ní Vancouver, ọ̀nà míì tó jẹ́ ti nọ́ńbà, làwọn ń lò, ká fi nọ́ńbà sínú àkámọ́ onígun, ká sì gé orúkọ àwọn jọ́nà kúrú. Réfáràǹsì yẹn lé ní 60 o, inú Word la sì ti fọwọ́ tẹ gbogbo ẹ̀. Mo ti ń fi nọ́ńbà sí i bọ̀ láti òkè, àfi bí ọ̀gá ṣe lọ ki gbólóhùn kan bọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ tòun ti réfáràǹsì tuntun nínú ẹ̀, bí gbogbo nọ́ńbà ṣe yẹ̀ nìyẹn. Ṣé báyìí náà lẹ ṣe ń ṣe é ni? Ìkejì, orúkọ èèyàn mélòó ni mo máa kọ kí n tó kọ et al. (ìyẹn “àti àwọn yòókù”)? Ibì kan ní 3, ibì kan ní 6, ibòmíì ní 20, orí mi ti dàrú.

Ìyá Ìbejì:
Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ jàre! Ta ló ń fọwọ́ to nọ́ńbà láyé tá a wà yìí. Lọ gbé Zotero, sọ́fítíwíà tó ń bá èèyàn to réfáràǹsì, sórí kọ̀ǹpútà ẹ, ọ̀fẹ́ ni, òun fúnra ẹ̀ á fi bọ́tìnnì tiẹ̀ sínú Word. Wàá rí àmì kan tó dà bí ọ̀pá onídán lókè, tẹ̀ ẹ́, lẹ DOI pépà (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) síbẹ̀, orúkọ àwọn tó kọ ọ́, ọdún, fọ́lúùmù, ojú ìwé, gbogbo ẹ̀ á wọlé wá. Èyí tí o ò bá mọ DOI ẹ̀, Crossref, àwọn tó ń forúkọ DOI sílẹ̀, ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Simple Text Query, da lísìtì ẹ síbẹ̀ bó ṣe wà, á bá ẹ wá DOI àwọn tó bá mọ̀. Lẹ́yìn náà kó o wá máa yọ orúkọ àti ọdún tó wà nínú pépà níkọ̀ọ̀kan, kó o máa fi ti Zotero rọ́pò ẹ̀. Ibẹ̀ yẹn nìkan ló máa gbà ẹ́ lásìkò. Tó bá ti parí, kí ọ̀gá ki gbólóhùn tó bá wù ú bọ̀ ọ́, nọ́ńbà á tún ara ẹ̀ tò. Tí jọ́nà yìí náà bá tún kọ̀ ọ́ (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), o kàn máa yí sítáìlì padà ni.

Ọmọ LaTeX:
Word lẹ ṣì ń lò? 😂 Ẹ fi LaTeX kọ ọ́, kí BibTeX máa bá yín to réfáràǹsì, ó tán.

Ìyá Ìbejì:
@Ọmọ LaTeX wọ́n bi ẹ́?

Bàbá Ẹ́dítọ̀:
Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì dáa, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá fún sọ́fítíwíà jẹ náà ló máa pọ̀ o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ pépà tuntun wò kó tó dé iwájú ẹ́dítọ̀, èyí tí mo sì ń rí jù ni ti WHO. Tí wọ́n bá kọ World Health Organization sí àyè méjì bí orúkọ èèyàn, Vancouver á rò pé Organization lorúkọ bàbá ẹ̀, á wá gé ìyókù kúrú, “Organization WH” ló máa jáde nínú lísìtì. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ nínú Zotero tó máa sọ àyè méjèèjì di ẹyọ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́. Àkọlé náà ńkọ́? Àwọn pépà àtijọ́ máa ń wọlé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, Zotero lè sọ ọ́ di lẹ́tà kékeré, àmọ́ tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, DNA á di dna, Escherichia á di escherichia, ọwọ́ lẹ máa fi dá ìyẹn padà.

Ohun kan wà tí sọ́fítíwíà kankan ò lè bá yín ṣe. Tẹ́ ẹ bá ti kọ “Watson àti Crick (1953) sọ pé” tẹ́lẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ yọ ọdún kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà nìkan há ibẹ̀ kó wá di “[4] sọ pé”. Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn dúró, “Watson àti Crick [4] sọ pé”. Ẹ ka gbogbo gbólóhùn tó bá rí báyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú lísìtì, báyìí ló máa rí: Watson JD, Crick FH. Molecular structure of nucleic acids: a structure for deoxyribose nucleic acid. Nature. 1953;171(4356):737-8. Ẹ wò ó pé kò sí àmì ìdánudúró lẹ́yìn lẹ́tà orúkọ wọn, ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ni wọ́n gé kúrú, Nature ò sì yí padà torí wọn kì í gé orúkọ jọ́nà tó bá jẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ti et al., kò sẹ́ni tó parọ́ fún yín. APA ẹlẹ́ẹ̀keje ló ní tí èèyàn bá ti pé 3 kẹ́ ẹ kọ et al. nínú pépà, ṣùgbọ́n nínú lísìtì kẹ́ ẹ kọ gbogbo wọn tí wọn ò bá ju 20 lọ. Vancouver tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn ń lò ló ní kẹ́ ẹ kọ 6 kẹ́ ẹ tó fi et al. sí i. Àwọn jọ́nà míì sì ní tiwọn, torí náà ẹ ṣí pépà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó mú Vancouver lásán, ẹ wá orúkọ jọ́nà yẹn gan-an nínú sítáìlì Zotero, ó lé ní 10,000 tó wà níbẹ̀.

Ṣeun Jẹ́jẹ́:
Ṣebí ẹ lè kó gbogbo lísìtì fún ChatGPT kó bá yín yí i sí Vancouver? Ìṣẹ́jú kan péré.

Bàbá Ẹ́dítọ̀:
Á yí i o, á sì lè yí nọ́ńbà ojú ìwé mọ́ ọn, tàbí kó fi DOI tí kò sí níbì kankan síbẹ̀, ojú lásán ò sì ní rí i. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ DOI kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wo ibi tó gbé yín lọ. Ibo ni ìṣẹ́jú kan yẹn wà mọ́?

Akọ̀wé Láàbù:
Ẹ ṣeun gan-an mà, ẹ ṣeun bàbá. Crossref bá mi rí èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò gbọ́ Zotero sétí rárá, inú Word náà ni wọ́n máa fẹ́ wà, báwo la ṣe fẹ́ ṣe é? Ìwé àṣekágbá méjì sì wà níbẹ̀ tí ò ní DOI.

Ìyá Ìbejì:
Jẹ́ kí réfáràǹsì wà lọ́wọ́ ìwọ nìkan. Kí ọ̀gá máa tún ọ̀rọ̀ ṣe bó ṣe wù wọ́n pẹ̀lú Track Changes, kí wọ́n ṣáà má tẹ nǹkan kan sínú nọ́ńbà tó wà nínú àkámọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ fi réfáràǹsì kún un, kí wọ́n fi DOI ẹ̀ sí Comment, ìwọ lo máa fi wọlé. Tó o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn kó o tó tẹ Unlink Citations (bọ́tìnnì Zotero tó ń sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀ lásán), torí nọ́ńbà inú èyí tó o bá tẹ̀ ẹ́ sí ò ní tún ara ẹ̀ tò mọ́.

Ìwé àṣekágbá méjèèjì, fọwọ́ kọ wọ́n sínú Zotero, kó o mú Thesis níbi tí wọ́n ti bi ẹ́ pé irú ìwé wo ni. Tó o bá fi í sílẹ̀ ní Journal Article, á tẹ̀ ẹ́ jáde bí pépà tí wọ́n gbàgbé orúkọ jọ́nà ẹ̀, ọ́fíìsì yẹn á sì tún dá a padà.