Manuel Fraga ti ilẹ̀ Spéìn: ìránṣẹ́ apàṣẹwàá ni, àbí bàbá òfin ìpìlẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ òṣèlú ni mò ń kọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, olùkọ́ wa sì ní kí oníkálukú mú olóṣèlú kan láti ilẹ̀ Yúróòpù, kí ó sọ bí ayé rẹ̀ ṣe lọ àti irú ojú tí ó yẹ kí ìtàn fi wò ó. Manuel Fraga Iribarne ni mo mú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sú mi tán. Mínísítà ni ó jẹ́ lábẹ́ Franco, ọ̀gágun tí kò fi ìjọba Spéìn sílẹ̀ títí ikú fi mú un lọ ní 1975. Òun kan náà ni ó tún wà lára àwọn méje tí wọ́n kọ ìwé òfin ìpìlẹ̀ tí àwọn ará Spéìn dìbò gbà ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1978, tí wọ́n fi ń pe àwọn méjèèje ní bàbá òfin náà. Ṣé Fraga ni ó yí padà ni, àbí ayé ni ó yí, tí òun sì bá a yí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn kọ ọ́ pé òun ni Awólọ́wọ̀ ilẹ̀ Spéìn, nítorí pé ó ṣe olórí ẹkùn rẹ̀, ó ṣe olórí alátakò, ṣùgbọ́n kò dé ipò tí ó ga jù lọ. Kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Má tíì yára dá ẹjọ́ náà, nítorí pé ọkùnrin tí o mú kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń fi gbólóhùn kan sọ tán.

Vilalba ní ẹkùn Galicia, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Spéìn, ni wọ́n ti bí i ní 1922. Àwọn òbí rẹ̀ ti rìnrìn-àjò lọ wá iṣẹ́ ní Kúbà, òun náà sì gbé níbẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ìwé ni ó fi dé ibi tí ó dé, torí ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ni, kì í sì í ṣe ọmọ olówó. Ní 1962 ni Franco fi í ṣe mínísítà ètò ìròyìn àti ìrìn-àjò afẹ́, ipò tí ó wà títí di 1969. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ojú méjì. Òun ni ó gbé òfin ìwé ìròyìn ti 1966 jáde, èyí tí ó fòpin sí àṣà kí ìjọba máa yẹ ìwé ìròyìn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tí ó fi ìtanràn àti ìgbẹ́sẹ̀lé dè oníròyìn tí ó bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ ìjọba nínú. Ẹni tí wọ́n bá tú okùn ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì so ti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá a lè sọ pé wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kẹrin 1963, ilé ẹjọ́ ológun Franco dájọ́ ikú fún Julián Grimau tí ó jẹ́ aṣáájú nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, wọ́n sì yìnbọn pa á. Gbogbo Yúróòpù ń pariwo, Fraga sì ni ó ń jáde láti gbèjà ìdájọ́ náà.

Èyí tí ayé mọ̀ jù nípa rẹ̀ ni ti Palomares, abúlé kan ní etí òkun Spéìn. Ní oṣù Kìíní 1966, bàálù ológun Amẹ́ríkà kan forí sọ bàálù mìíràn tí ó ń fún un ní epo lófuurufú, bọ́ǹbù átọ́míìkì mẹ́rin sì jábọ́, mẹ́ta sórí ilẹ̀ ní agbègbè Almería, ọ̀kan sínú òkun. Ohun abúgbàù inú méjì lára àwọn tó bọ́ sórí ilẹ̀ bú, májèlé inú wọn sì tàn ká oko àwọn àgbẹ̀. Nítorí pé àlejò onírìn-àjò afẹ́ ni ó ń mú owó wọlé fún Spéìn, tí Fraga sì ni mínísítà wọn, òun àti aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà bọ́ ṣòkòtò, wọ́n wọ omi lọ lúwẹ̀ẹ́ níwájú àwọn oníròyìn ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, kí gbogbo ayé lè rí i pé omi náà kò ní ewu. Rántí pé títí di ọjọ́ yẹn, bọ́ǹbù inú òkun náà kò tíì jáde. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó gbé e sókè. Akíkanjú ni, àbí aláìbìkítà? Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn lé e lórí, a kò sì tíì parí rẹ̀.

Èyí tí ó kan àwa ará Nàìjíríà ni pé Fraga ni ó fọwọ́ sí ìwé lórúkọ Spéìn nígbà tí Ẹkuatóríà Gíní gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 1968. Erékùṣù Fernando Po, tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè wa ti ṣiṣẹ́ lóko kòkó, wà lára ilẹ̀ náà.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yẹn pé kí ó má fi orúkọ bàbá wa ṣeré. Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n nítorí òṣèlú. Fraga ní tirẹ̀ ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yanṣẹ́ lódì ní ìlú Vitoria, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1976, tí ènìyàn márùn-ún sì kú. Wọ́n ní ó wà ní Jámánì lọ́jọ́ náà. Bí ó bá tilẹ̀ wà lókè òkun, ta ni ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá? Kí a tó máa fi ẹni méjì wéra, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ta ni wọ́n ń tì mọ́lé àti ta ni ó di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ará Ṣágámù:

Ẹ má bínú, Mà. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa Vitoria, ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ náà bá ìjọba ológun Gowon ṣiṣẹ́ láti 1967 sí 1971, a kò sì torí ìyẹn pè é ní ọmọ ológun. Ohun tí ènìyàn ṣe nínú ipò ni kí a gbé yẹ̀ wò.

Níbi tí mo ti gbà pé Fraga ṣe gudugudu méje ni lẹ́yìn ikú Franco. Ó kó àwọn mìíràn tí wọ́n ti ṣe mínísítà lábẹ́ Franco jọ ní 1976, wọ́n dá ẹgbẹ́ Alianza Popular sílẹ̀. Ìjókòó 16 péré ni wọ́n rí nínú ìbò 1977. Nígbà tí ilé aṣòfin dìbò lórí òfin ìpìlẹ̀, àwọn mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á, Fraga sì wà lára wọn, márùn-ún kọ̀ ọ́, mẹ́ta kò dá sí i. Ẹ rí i pé inú ilé rẹ̀ gan-an ni ogun wà. Òun náà ni ó dúró níwájú àwọn ọlọ́lá Madrid ní 1977, tí ó fi Santiago Carrillo, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, hàn wọ́n kí ó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún Grimau, ta ni ì bá rò ó? Àwọn tí ì bá máa retí kí ológun tún padà wá ni ó fà wá sídìí àpótí ìbò, tí ó sì fi kọ́ wọn láti fìdí rẹmi kí wọ́n sì lọ sílé. Lójú tèmi, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Nígbà tí ó di 1982, ìjókòó 107 ni ó ní, Felipe González àti ẹgbẹ́ Sósíálíìsì sì ní 202. Ibi tí ó lè gbé ẹgbẹ́ náà dé mọ nìyẹn. Ó fi ipò sílẹ̀ ní 1986, ó padà ní 1989 láti yí orúkọ ẹgbẹ́ náà sí Partido Popular, ó sì fa José María Aznar kalẹ̀. Aznar ni ó wá di olórí ìjọba ní 1996.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè:

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Màá yọ gbólóhùn Awólọ́wọ̀ yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe wá lo ìyókù ayé rẹ̀ ní Galicia?

Bàbá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ó padà sílé lọ ṣe olórí ẹkùn ni, láti 1990 sí 2005, ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó fi borí gbogbo ẹgbẹ́ yòókù lápapọ̀. Ní àsìkò yìí ni òun tí ó kórìíra Kọ́múníìsì lọ kí Fidel Castro ní Kúbà, Castro náà sì wá sí Galicia ní 1992, nítorí pé bàbá Castro pẹ̀lú ti Galicia wá. Ohun tí ó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ níbẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi Prestige tí ó rì ní 2002, tí epo rẹ̀ sì ba etíkun àwọn apẹja jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ìjọba kò tètè dìde sí i.

Nínú ìbò oṣù Kẹfà 2005, nígbà tí ó ti pé ọdún 82, ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìjókòó 37 nínú 75. Ẹyọ kan ni ó kù kí ó tó ní ju ìdajì lọ. Ìbò àwọn ọmọ Galicia tí wọ́n wà lókè òkun ni gbogbo wọn dúró dè, wọ́n kà á tán, ẹyọ kan náà kò jáde, ẹgbẹ́ méjì yòókù sì para pọ̀ gba ìjọba. Ó tún lọ sí ilé aṣòfin àgbà ní Madrid. Oṣù Kìíní 2012 ni ó kú, kò tíì pé oṣù kan tí Mariano Rajoy, ọmọ Galicia bíi tirẹ̀, gorí àlééfà lórúkọ ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀.