Ọmọ adití tó fẹ́ jáde SS3, báwo ni mo ṣe máa bá a wá iṣẹ́?

Àǹtí Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin tèmi. Tíṣà ni mí n'Íléṣà níbí, NCE English ni mo ní, mi ò ka special education (ẹ̀kọ́ nípa kíkọ́ àwọn akàndá) rárá, àfi bí wọ́n ṣe kó àwọn ọmọ adití sí kíláàsì mi tí wọ́n ní kí n máa bá a yí, orí YouTube ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin, ń ṣe WAEC lọ́dún yìí. Ìyá ẹ̀ ká mi mọ́ géètì, ó ní "Tíṣà, tó bá ṣe tán ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò. Ọmọ yẹn sì fẹ́ràn aṣọ rírán bí nǹkan míì. Ṣé kí n lọ gba fọ́ọ̀mù special ed ni, àbí kí ni mo lè ṣe báyìí?

Tíṣà Adití N'Ífẹ̀:
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. FCE Special, kọ́lẹ́jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn tíṣà akàndá, wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti ní NCE, direct entry ni kẹ́ ẹ bá lọ UI, wọ́n ń ṣe special ed níbẹ̀. Ibi témi ti kà, kì í ṣe méjèèjì yìí o, gbogbo tíṣíǹ práktíìsì tá a ṣe, inú kíláàsì ló pin sí. Kò sẹ́ni tó ní ká lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ká wo ohun tí ọ̀gá ń retí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ń lọ. L'Amẹ́ríkà, IDEA, òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ akàndá, ní kọ́mọ tó pé ọdún 16, ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́yìn sùkúù àti ìrànlọ́wọ́ tó máa gbé e débẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀. Tiwa, ẹ̀yìn WAEC la tó ń fọwọ́ lérán. Ẹ wá ọ̀gá télọ̀ fún un láti ìsinsìnyí, kó máa lọ ní Sátidé.

Ọ̀gá Télọ̀ Lágere:
Mo ti kọ́ adití níṣẹ́ rí, ó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Àwa tá à ń gbọ́, tí òwú bá lọ́ tàbí abẹ́rẹ́ fẹ́ kán, ìró máṣíìnì ló máa sọ fún wa. Òun, ìka méjì ló ń gbé lé orí máṣíìnì, tó bá ti gbọ̀n lódì báyìí ó ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Tíṣà ẹ̀ máa ń wá jókòó tì wá, ó ya fọ́tò bí mo ṣe ń fi síìpù sí ṣòkòtò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri tẹ̀léra-tẹ̀léra, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó ń gbọ́ràn náà ń wò ó o! Kọ́sítọ́mà ni wàhálà, wọ́n á máa bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ aṣọ tí ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ rán, bíi pé kò sí níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀, iye ọdún, iye owó, kí ìyá ẹ̀ fọwọ́ sí i, torí àwọn ọ̀gá kan máa lo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí ẹrú.

Bàbá Ìbejì:
Kí ló dé tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lẹ ń sọ, ṣé adití ò lè jókòó ní ọ́fíìsì ni? Òfin àwọn akàndá ẹ̀dá tí Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, ó ní ó kéré tán 5% òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ni kó jẹ́ tiwọn.

Tíṣà Adití N'Ífẹ̀:
Òótọ́ ni sà, ṣùgbọ́n òfin ọ̀hún náà ló sọ pé "bó bá ti lè ṣeé ṣe tó", ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà yọ. Kó kọ WAEC ẹ̀ dáadáa, kó sì máa ránṣọ, ìkan ò dí ìkan lọ́wọ́.

Àǹtí Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀gá, ṣé ẹ lè gbà á ní Sátidé?

Ọ̀gá Télọ̀ Lágere:
Owó mọ́tò Iléṣà sí Ìfẹ̀ máa jẹ ẹ́ run. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ wà nítòsí ọjà Atákúmọ̀sà, màá pè é lálẹ́ yìí. Ẹ ní kó mú téèpù àti sísọ́ọ̀sì tiẹ̀ dání, onítọ̀hún kì í yáni.