Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n máa kó fáìlì iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àdùkẹ́_Ọdún_Ìkẹyìn
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà yàrá ìkàwé ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń yá lò lálẹ́, fóònù mi ni mo sì fi ń kàwé lójú ọ̀nà. Fíláàṣì ni mo fi ń gbé iṣẹ́ kiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kọ̀, kò ṣí mọ́, ó sì gbé orí kejì iṣẹ́ àṣekágbá mi lọ. Word, PDF àti àwòrán díẹ̀ ni gbogbo ẹrù mi, kò tó 3 GB. Mi ò fẹ́ èyí tó le, mi ò sì lówó tí n óò máa san lóṣooṣù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bọ̀dá_Kọ̀ǹpútà
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Odidi orí kan! Google Drive ni kí o kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. 15 GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, bí o bá sì ti ní Gmail, o ti ní Drive náà nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí ni pé Gmail àti Google Photos ń jẹ nínú 15 GB kan náà. Bí fóònù rẹ bá ń kó gbogbo fọ́tò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, àyè á kún, lẹ́tà gan-an ò sì ní wọlé mọ́.

Kọ̀ǹpútà yàrá ìkàwé ló ń kọ mí lóminú jù. Má fi áàpù kankan sórí rẹ̀. Inú búráúsà ni kí o ti ṣí Drive, ní fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí kì í rántí ẹni tó wọlé. Bó bá bi ọ́ bóyá kó tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ, sọ pé rárá. Kí o tó dìde, jáde nínú àkáǹtì, kí o sì pa fèrèsé náà dé. Bí o bá wá gbàgbé, fi fóònù rẹ wọ ibi ètò ààbò àkáǹtì Google. Wàá rí gbogbo ẹ̀rọ tí o ti wọlé, wàá sì lè ti ibẹ̀ jáde lórí èyí tí o fi sílẹ̀.

Alákọsílẹ̀
Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ, àmọ́ ti Word yàtọ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá máa ń ní tábìlì àti àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Bí a bá sọ ọ́ di Google Docs, ìyẹn ibi ìkọ̀wé ti Google, nǹkan lè sún kúrò ní àyè rẹ̀. OneDrive, ibi ìkófáìlìsí ti Microsoft tó ni Word, ni mo fi ṣe tèmi. 5 GB péré ni ọ̀fẹ́ rẹ̀, ó sì tó yín. Word orí búráúsà wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ_Láíbìrì
Dropbox rọrùn gan-an, àmọ́ 2 GB ni ọ̀fẹ́ rẹ̀, ẹrù yín lè má wọ̀ ọ́. MEGA ń fúnni ní 20 GB, ó sì ń ti fáìlì pa kó tó kúrò lórí ẹ̀rọ yín, débi pé àwọn fúnra wọn ò lè kà á. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè bá yín ṣí i bí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, tí ẹ ò sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tí wọ́n fún yín. Mi ò ní fi ibẹ̀ nìkan tọ́jú iṣẹ́ àṣekágbá.

Ìyá_Ìbejì
Àdùkẹ́ ọmọ mi, má fi ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ ṣí i o. Èmi fi tèmi ṣí i nítorí àyè rẹ̀ pọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo ṣetán, wọ́n ti àkáǹtì náà pa, ìwé ọdún mẹ́rin sì há síbẹ̀. Tìrẹ gangan ni kí o lò.

Kí o sì mọ̀ pé fáìlì tí o bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan ti pa rẹ́ níbi gbogbo. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ń lò nínú ibi ìdàlẹ̀nù Drive kó tó lọ pátápátá. Ṣe ẹ̀dà sí ibòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àdùkẹ́_Ọdún_Ìkẹyìn
Ẹ ṣé púpọ̀. OneDrive ni n óò ti máa kọ orí iṣẹ́ mi, Drive ni n óò kó PDF àti àwòrán sí, n óò sì máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Bọ̀dá, Google ní kí n fi kóòdù fóònù kún ọ̀rọ̀ aṣínà. Bí bátìrì fóònù mi bá tán ní yàrá ìkàwé ńkọ́?

Bọ̀dá_Kọ̀ǹpútà
Gbà á láyè. Wọ́n máa ń fúnni ní kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Kọ wọ́n sórí bébà, má sì fi bébà náà sínú àpò kan náà pẹ̀lú fóònù. Orí kejì yẹn, ṣé o fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ rí? Wo inú àwọn ímeèlì tí o ti fi ránṣẹ́.

Àdùkẹ́_Ọdún_Ìkẹyìn
Bọ̀dá, ó wà níbẹ̀! Ti oṣù tó kọjá ni, ojú ewé méjìlá. Mo ti gbé e sí OneDrive báyìí.