Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí antibody àti kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Kétu ni mo wà, bàọ́lọ́jì ni mo kà, mo sì ti ń kọ́ Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wù mí gan-an ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà mọ antibody (purotéènì tí ara fi ń bá àrùn jà) tó máa di kòkòrò àrùn mú dáadáa. Data ọ̀fẹ́ wà lórí OAS àti SAbDab, àkójọ data antibody tàwọn ará Yunifásítì Oxford, Google Colab (kọ̀ǹpútà Google orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni mo ń lò torí kọ̀ǹpútà tèmi ò lágbára. Ibi tó le jù ni CDR-H3, apá kan lára antibody tó sábà máa ń di kòkòrò mú; tí wọ́n bá fi lẹ́tà kọ amino acid inú ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa rí CAR níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ́tà á kàn máa yí padà lóríṣiríṣi títí á fi dé W, gígùn wọn ò dọ́gba, AlphaFold gan-an, ètò AI tó ń sọ bí purotéènì ṣe rí, máa ń ṣì í. Ẹlòmíì ní kí n fi ESM (ètò AI tó ti kọ́ bí lẹ́tà purotéènì ṣe ń tò) bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì ní kí n lọ kọ́ ìṣirò ná, èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Tí mo bá sì fẹ́ ya data ìdánwò sọ́tọ̀, báwo lẹ ṣe ń yọ àwọn tó jọra jù kúrò, kí èsì má bàa tàn mí jẹ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, yálà Àjàṣẹ́ lẹ wà tàbí Calavi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, iṣẹ́ yìí ká mi lára gan-an.