Báwo ni bakitéríà ṣe wọ inú ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ní ilé ìwòsàn?

Àbíkẹ́yìn kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Ìfun wọn ló dí, ni wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Wọ́n ti ń bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n tiẹ̀ ti ń bèèrè ẹni tó wá kí wọn àti ẹni tí kò wá. Àfi bí ibà ṣe dé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n ń gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì ń mì. Dókítà ní bakitéríà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, àti pé ilé ìwòsàn níbẹ̀ ni wọ́n ti kó o.

Ọ̀nà tó gbà wọlé ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sunkún pé àwa tí à ń wọlé wọ̀de lọ kí wọn la gbé e wá. Àbúrò bàbá mi ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ ni kò mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, irú iṣẹ́ abẹ kan náà ni wọ́n ṣe fún un, kò sì sóhun tó ṣe é, ó ti lọ sílé. Kí ló dé tó jẹ́ bàbá tiwa? Rọ́bà kan wà lọ́rùn wọn tí oògùn àti oúnjẹ ń gbà wọlé, òmíràn ń fa ìtọ̀, dírìpù sì wà lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lóye.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ fèsì:

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ọlọ́run á gbé wọn dìde. ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti rí irú èyí ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n nu ojú wọn nù. Jíjókòó ti bàbá àti bíbá wọn sọ̀rọ̀ kọ́ ló ń gbé bakitéríà wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Awọ gbogbo wa ló ní bakitéríà lára, tèmi, tiyín, ti dókítà. Bí wọ́n bá wà níta níbẹ̀, wọn kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn, àwa fúnra wa là ń lu ihò sí awọ aláìsàn, tí a sì ń fi rọ́bà sílẹ̀ nínú ihò náà.

Rọ́bà ọrùn yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ lọ bá nínú ọ̀rọ̀ yín. Central line là ń pè é. Inú iṣan ńlá ló gbà lọ títí dé itòsí ọkàn, nítorí náà ohunkóhun tó bá bá a wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló bọ́ sí tààrà. Bakitéríà lè fà tẹ̀lé ara rọ́bà láti ojú awọ wọlé. Ó sì lè gba ẹnu rọ́bà níbi tí à ń so sírínjì mọ́, bí ọwọ́ tó dì í mú kò bá mọ́, tàbí bí a kò bá fi ọtí apakòkòrò nu ẹnu rẹ̀ dáadáa ká tó fa oògùn sí i. Bí rọ́bà bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ẹnu rẹ̀ yìí ń di ewu sí i. Tí bakitéríà bá ti lẹ̀ mọ́ rọ́bà, wọ́n á pọ nǹkan yíyọ̀ kan bo ara wọn, oògùn kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ní ká yọ rọ́bà náà kúrò.

Ibi tí wọ́n fi sí náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ti itan ló ń kó àkóràn jù. Abẹ́ egungun tó wà láàrin ọrùn àti èjìká ló mọ́ jù. Ṣùgbọ́n dókítà tún ń ro ti ẹ̀jẹ̀ dídà àti gígún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹ má torí ọrùn bá wọn jà.

Ẹ ní kí ló dé tó jẹ́ bàbá yín. Ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì funfun jà bó ṣe yẹ. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Oúnjẹ tó ń gba inú iṣan máa ń fi kún ewu náà. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ti lò ṣáájú á ti pa àwọn tó rọ̀, á ṣẹ́ku àwọn olórí kunkun. Ìfun tí wọ́n gé tí wọ́n sì rán pọ̀ náà kún fún bakitéríà, bó bá sì ń jò, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n lè bá yọ, láìsí ẹ̀bi rọ́bà kankan. Ẹ bèèrè bóyá aládùúgbò wọn yẹn tilẹ̀ ní rọ́bà ọrùn, àti ìgbà tí wọ́n yọ ọ́.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí, torí ó ń dùn mí lọ́kàn: púpọ̀ nínú àkóràn rọ́bà ọrùn yìí ṣeé dènà. Lọ́dún 2006 ni Peter Pronovost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde láti àwọn ICU tó lé ní 100 ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ṣe ò ju pé kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n fi chlorhexidine, omi apakòkòrò kan, nu awọ, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ bo aláìsàn kí dókítà náà sì wọ tiẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi rọ́bà sí i, kí wọ́n yẹra fún itan, kí wọ́n sì yọ rọ́bà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ICU tó bọ́ sí àárín nínú wọn ń rí àkóràn 2.7 nínú 1,000 ọjọ́ tí rọ́bà fi wà lára aláìsàn. Láàrin oṣù 3, ó di òdo.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo máa sáré láàrin aláìsàn tí apá rẹ̀ kò ká. Ọwọ́ fífọ ló kọ́kọ́ máa ń bọ́ sọnù.

Ará Lábù fèsì:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi ti lábù kún un.

A máa ń ka àkóràn sí ti ilé ìwòsàn bí ó bá yọjú lẹ́yìn wákàtí 48 tí aláìsàn ti wọlé, tí kò sì sí lára rẹ̀ nígbà tó dé. Ẹ bèèrè orúkọ bakitéríà náà, torí orúkọ yẹn máa ń tọ́ka ọ̀nà. Staphylococcus aureus sábà ń tọ́ka sí awọ ara àti rọ́bà. E. coli tàbí Klebsiella á mú ká wo ìtọ̀ tàbí ìfun. Àwọn Staphylococcus yòókù tí kì í ṣe aureus, bó bá jẹ́ ìgò kan ṣoṣo nínú àwọn tí à ń fi ẹ̀jẹ̀ sí láti wo ohun tó máa hù ló ti hù, ó lè jẹ́ pé awọ ló ti kó wọ ìgò nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n aureus, ìgò kan péré náà tó bẹ̀rù.

Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti inú rọ́bà ọrùn àti láti apá nígbà kan náà. Bí ti rọ́bà bá fi wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ti apá láti hù, rọ́bà náà ló jọ pé ó fà á.

Ìyá Ìbejì fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ṣe àwọn ọmọ mi náà nígbà tí mo bí wọn láìtọ́jọ́, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò tó 1,500 gíráàmù. Awọ wọn fẹ́lẹ́, ara wọn kò tíì mọ ìjà, rọ́bà sì wà ní ìdodo wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì tètè ń fún wọn ní wàrà ọmú díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè tètè bọ́ lọ́wọ́ oúnjẹ inú iṣan, kí rọ́bà sì kúrò. Ẹ máa bèèrè ìgbà tí bàbá lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu jẹun.

Àbíkẹ́yìn kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo bèèrè gbogbo rẹ̀. Staphylococcus aureus ni, ìgò ti rọ́bà ọrùn sì ti hù tipẹ́ kí ti apá tó hù. Wọ́n ti yọ rọ́bà náà, ibà sì ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti sùn lánàá. Ìbéèrè tó kù: dírìpù ọwọ́ àti rọ́bà ìtọ̀ ńkọ́? Kí ni mo lè máa wò?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ fèsì:

Inú mi dùn gan-an. Dírìpù ọwọ́ kò léwu tó ti ọrùn, àmọ́ aureus lè gba ibẹ̀ náà. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tó wú, tó ń dun bàbá, tàbí tí tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ bá tutù, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí oògùn tó ń gba ibẹ̀ mọ́, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju ilé ìtọ̀ lọ, kó má sì kan ilẹ̀. Láràárọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá ṣì nílò rọ́bà yìí lónìí?" Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i.

Ti aureus yìí, ibà tó lọ sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú ti parí. Wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò títí yóò fi mọ́, láti ọjọ́ tó bá mọ́ yẹn ni wọ́n á sì ti ka ó kéré tán ọjọ́ 14 oògùn inú iṣan. Wọ́n sábà máa ń ya àwòrán ọkàn pẹ̀lú, torí ó máa ń lọ bà sí fáàfù ọkàn, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn. Bí wọn kò bá tíì sọ ọ́, ẹ bèèrè.