Ẹ̀rù onídìrí ń bà mí, mo sì fẹ́ tún àwọn ìwé Fágúnwà kà

Olùbéèrè, Adó-Èkìtì

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dà mí láàmú gan-an. Ẹ̀rù onídìrí ń bà mí láti kékeré. Kì í ṣe ìrora nìkan ni mò ń sá fún. Bí mo bá ti jókòó, tí ẹlòmíràn di orí mi mú, tí n kò sì rí ohun tó ń ṣe lẹ́yìn mi, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, òógùn á bò mí, n ó sì fẹ́ dìde sá lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń gé irun mi mọ́lẹ̀ nílé fúnra mi. Ní báyìí, àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀, ó sì bẹ̀ mí pé kí gbogbo àwa ọmọ ìyá rẹ̀ di ṣùkú. Mo ti dá irun sí nítorí rẹ̀.

Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé kí n mú ìwé tí mo fẹ́ràn dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ìwé Fágúnwà ni mo fẹ́ràn jù nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣí ọ̀kankan láti ìgbà náà, ó sì ń ṣe mí bíi pé adùn wọn lè ti lọ. Kí ni kí n sọ fún onídìrí, èwo nínú àwọn ìwé náà ni kí n sì kọ́kọ́ mú?

Onídìrí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú ìmúra ìnáwó, mà. Kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù wa ni wọ́n fi òòyà wẹ́wẹ́ ya irun wọn ní gbígbẹ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, láti ìdí irun wá sí ṣóńṣó, nígbà tó jẹ́ pé ṣóńṣó ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kí irun náà sì tutù díẹ̀.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ìkánjú ọjọ́ náà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ti yín rò. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó lásán láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń di ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òwú kó o fún yín, nítorí irun kíkó kì í pẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé dígí síwájú yín, kí ẹ sì bá onídìrí ṣe àdéhùn pé bí ẹ bá ti gbé ọwọ́ sókè, yóò dáwọ́ dúró láìbéèrè ìdí. Onídìrí tó bá bínú sí èyí, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má sì gbà pé irun gbọdọ̀ le kó tó lẹ́wà. Bí ó bá ń fa ìpéǹpéjú yín sókè, tàbí tí kókó wẹ́wẹ́ ń yọ níwájú orí, ó ti le jù. Bí ó bá sì ń rí bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, irun iwájú lè re dànù kó má hù mọ́. Ní ti rìlásà, ẹ yẹra fún un ná. Irọ́ ni pé ó gbọdọ̀ ta èèyàn kó tó ṣiṣẹ́: bó bá ti ń ta yín, awọ orí ló ti ń jó.

Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjerò-Èkìtì

Àbúrò mi, Igbó Olódùmarè tó jáde ní 1949 ni kí o kọ́kọ́ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti 1938 ló ṣáájú rẹ̀. Ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn tó jẹ́ akọni inú Ògbójú Ọdẹ, ni. Ẹni tó pàdé ní ibodè igbó náà ni Ànjọ̀nú Ìbẹ̀rù, ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ tí àwọn méjèèjì sì jù lu ara wọn kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà pọ̀ débi pé ọmọdé á máa fò ó kó lè dé ibi ìjà. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ náà gan-an ni wàá gbádùn, nítorí ọkùnrin náà kò sọ pé ẹ̀rù kò sí níbẹ̀. Ó dúró, ó wo ojú rẹ̀, ó sì dá a lóhùn.

Má retí pé gbogbo rẹ̀ yóò rí bí o ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ìwàásù gùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Nínú Ògbójú Ọdẹ, ọjọ́ méje tí àwọn ọdẹ lò lọ́dọ̀ Ìrágbèje ní Òkè Láńgbòdó sú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìgbà tí mo di òbí ni mo tó jókòó tì í. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ lo rí, àkọtọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ dí ọ lọ́wọ́, torí «aiye» àti «enia» ni wọ́n kọ síbẹ̀, àmì ohùn ò sì pọ̀. Máa kà á sókè, yóò yanjú.

Arákùnrin kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ forí jìn mí, olùkọ́, n kò gbà pé ìwé ṣeé kà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń di ṣùkú fún, wọ́n á tẹ orí rẹ̀ síwájú, wọ́n á tún yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ìwé wo ló fẹ́ rí? Ẹ̀rọ onígbàjámọ̀ lèmi ń bẹ̀rù ní tèmi, ohun tó sì ràn mí lọ́wọ́ ni pé kó tan ẹ̀rọ náà níwájú mi kó tó gbé e dé orí. Ẹ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan dání kó máa ka ìwé náà sí yín létí. Bí olùkọ́ ṣe sọ, ó dùn ní kíkà sókè, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà á sì gbọ́.

Olùbéèrè, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò léró, obìnrin tó ni ín sì gbà láti gbé dígí síwájú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ti gbà láti bá mi kàwé, bó bá jẹ́ pé èmi ni n ó ra mínírà. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé nílé ni kí n ti fọ irun náà ni, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ níbẹ̀?

Onídìrí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ fọ̀ ọ́ nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mà, kí ẹ ya á kó tó gbẹ tán, kí ẹ sì dì í ní ńlá ńlá sùn, kó má baà lọ́ mọ́ra. Ẹ má fi òróró pọ̀ sí i o, nítorí irun tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ ló ń mú kí onídìrí fà á le.